Orí Keje: Kí Ló Dé Tí Bọ́ọ̀lù Àtijọ́ Fi Ń Dùn Ju Tòní Lọ?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ọkùnrin kan ní Òmù-Àrán láìbi í léèrè, ẹ ní kó sọ agbábọ́ọ̀lù tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ nínú gbogbo àwọn tí Nàìjíríà ti ní. Bó bá ní Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tàbí Muda Lawal ni, ẹ yáa dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Bó bá ní Rashidi Yekini ni, àfàìmọ̀ ni kò ní ti máa sún mọ́ àádọ́ta ọdún, bí kò bá tíì kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá ní Jay-Jay Okocha ni, ọmọ ilé-ìwé ló máa jẹ́ nígbà tí Nàìjíríà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996. Ẹni tó bá sì dáhùn wàrà pé Victor Osimhen ni, ẹ má wulẹ̀ ṣírò mọ́, ọmọdé ni.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Steve Janssen, David Rubin àti Martin Conway, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi bi àwọn ènìyàn tó lé ní 600 pé kí wọ́n dárúkọ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tó dára jù lọ láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti wà. Wọ́n wo ìgbà tí iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn agbábọ́ọ̀lù náà wà ní àárín, wọ́n sì ṣírò ọjọ́ orí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ lásìkò yẹn. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ láyé Pelé ń dárúkọ Pelé, àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ láyé Cruyff ń dárúkọ Cruyff, ti Maradona náà kò sì yàtọ̀. Ọjọ́ orí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìṣirò wọn ni ọdún 17.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá bọ́ọ̀lù. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i pé bí ẹ bá ní kí ẹni tó ti lé lógójì ọdún sọ ohunkóhun tó bá sọ sí i lọ́kàn nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún. Ọdún tó wà láàárín méjèèjì á kàn gbẹ bákan ṣáá. Rubin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1986. Bí wọ́n bá ya á sórí pépà, ìlà náà máa ń wú sókè níbi ìgbà ọ̀dọ́. Òkè ìrántí ni màá máa pè é nínú orí yìí.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó gbé òkè náà dìde, ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ kò ta ko ara wọn. Ohun tí ènìyàn bá rí fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ọpọlọ máa ń tọ́jú jù. Nínú ọpọlọ, lápá ibi tí etí wà, ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Òun ló ń kó ohun tí a rí, ohun tí a gbọ́ àti ibi tí a wà pọ̀ di ìrántí kan ṣoṣo. Ẹ̀yà mìíràn tó ń jẹ́ amygdala wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí ìdùnnú tàbí ìbẹ̀rù bá mú ọkàn wa lù kìkì, òun ló ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé èyí ṣe pàtàkì, kò gbọdọ̀ sọnù. Ìgbà tí a wà ní ọ̀dọ́ ni àwọn ohun àkọ́kọ́ pọ̀ jù láyé wa. Ìgbà náà sì ni a ń yan irú ẹni tí a fẹ́ jẹ́, ìlú tí a ó fi yangàn, orin tí a ó máa kọ, ẹgbẹ́ tí a ó máa pè ní tiwa. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí a bá yàn lásìkò yẹn wọ inú ẹni tí a jẹ́ lọ, ó sì ṣòro fún ènìyàn láti bá ara rẹ̀ jà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 ní Òmù-Àrán, ní Orò tàbí ní Èsìẹ́ lọ́dún 1976. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú rẹ̀ wà láti ìgbà tí ìjọba ológun ti dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀ lọ́dún 1967. Kó tó dìgbà yẹn, lábẹ́ ìjọba Àríwá tó fìkàlẹ̀ sí Kàdúná ni wọ́n wà, nígbà tí àwọn ìbátan wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ààlà ìjọba la ilẹ̀ Ìgbómìnà sí méjì, àmọ́ kò rí rédíò là. Ohùn Ìbàdàn ń wọlé sí Òmù-Àrán bó ṣe ń wọlé sí Ìlá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ń gba Ọ̀fà, ó ń gba Òṣogbo, ó sì ń dé Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ẹni ń ṣòwò ní Ìbàdàn, àbúrò ìyá ẹni ń kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá níbẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu rárá pé ọ̀pọ̀ bàbá tó dàgbà ní Ìgbómìnà ti Kwara ń pe Shooting Stars ní ẹgbẹ́ wọn títí dòní.

IICC ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, lórúkọ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba tó ni ín. Orúkọ tó ti jẹ́ ṣáájú ni WNDC, ìyẹn náà jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún 1976 ẹgbẹ́ náà gba líìgì Nàìjíríà, ó sì dé àṣekágbá ìdíje Cup Winners' Cup ti ilẹ̀ Áfíríkà. Tonnerre ti ìlú Yaoundé ni wọ́n fẹ́ bá wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún, Milla tó sì jẹ́ pé lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, IICC jẹ ayò 4, Tonnerre jẹ 1. Ní Yaoundé, Tonnerre jẹ 1, IICC kò jẹ. Ó di 4 sí 2 lápapọ̀, ife wálé. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó tíì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ìròyìn yẹn bá ọmọkùnrin wa nílé. Rédíò kan ló wà ní agbo ilé, bàbá kan ló ni ín, òkúta rédíò sì ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sá a sóòrùn láti àárọ̀ kó lè gbé ohùn títí bọ́ọ̀lù á fi parí. Àwọn àgbà jókòó sórí àga, àwọn ọmọdé dúró, wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ pé bọ́ọ̀lù wọlé, ariwo á sọ ní agbo ilé náà, á sọ ní ti ẹ̀gbẹ́ wọn, á sọ títí dé ọjà. "Up Sooting!" Kò rí bọ́ọ̀lù náà lójú, síbẹ̀ ó lè júwe bí Ọdẹ́gbàmí ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sá wọlé. Àwòrán tó fi ara rẹ̀ yà lọ́kàn ni. Ọ̀gbẹ́ni Frederic Bartlett ti Fásitì Cambridge ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1932: ọpọlọ kì í ṣe àpótí tí a ń kó nǹkan sí kó lè wà bó ṣe wà. Ìgbàkígbà tí a bá rántí nǹkan, ńṣe ni a ń tún un kọ́, a sì ń fi ohun tí a ti mọ̀ lẹ́yìn náà rẹ́ ẹ.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọdún 1976 yẹn náà ni Robert Cialdini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn alátìlẹyìn bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún ni. Wọ́n rí i pé bí ẹgbẹ́ fásitì bá borí ní Sátidé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ aṣọ tó ní orúkọ ilé-ìwé wọn lọ́jọ́ Ajé máa ń pọ̀ sí i. Wọ́n tẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láago pé kí wọ́n sọ bí eré ti lọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n borí, "àwa" ni wọ́n sábà máa ń lò, bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ẹnu wọn á yí sí "àwọn." Ẹ lọ tẹ́tí sí àwọn alátìlẹyìn tiwa. "A na Tonnerre ní 1976." Ṣùgbọ́n nígbà tí Shooting Stars já kúrò ní líìgì àgbà lọ́dún 2017, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Wọ́n ti já wálẹ̀ o, wọ́n ti ba ẹgbẹ́ jẹ́."

Ohun tí ìrántí ń yọ kúrò

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbi àwọn ohun tí àwọn bàbá wa kì í sọ. Lọ́dún 1984, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje ife àwọn aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà. Rashidi Yekini wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Kàdúná, ṣùgbọ́n tí ìdílé rẹ̀ ti Ìrá wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, tí kò jìnnà sí wa. Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì na wọ́n ní 2 sí 0 ní Cairo, ó sì tún na wọ́n ní 1 sí 0 ní Èkó, níwájú àwọn ènìyàn wa. Lọ́dún 1996, wọ́n tún pàdé Zamalek kan náà ní àṣekágbá, ó di pẹnáritì, Zamalek tún gbé ife lọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: 1976 á gba wákàtí kan, ife CAF tí wọ́n gbà lọ́dún 1992 lẹ́yìn tí wọ́n na Nakivubo Villa ti Uganda á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 1984 á sì gba ìmí ẹ̀dùn kan.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Lọ́dún 1997, Terence Mitchell àti Leigh Thompson pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ lé àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́, títí kan àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní California. Nígbà tí wọ́n ń gùn ún, òjò pa wọ́n, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ráhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n délé, ìrìn àjò náà ti di èyí tó dára ju bí wọ́n ṣe sọ pé ó rí nígbà tí wọ́n wà lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn, lára wọn ni Richard Walker àti John Skowronski, fi hàn pé ìmọ̀lára búburú tó so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan máa ń yára ṣá ju ìmọ̀lára rere lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó sùn sí ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn nítorí bọ́ọ̀lù, tí ebi pa á, tí wọ́n já a lówó gbà, fi ń sọ ọ́ lónìí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ebi náà ti lọ, ẹ̀fọn náà ti lọ, ayò mẹ́rin ló kù.

Carey Morewedge, Daniel Gilbert àti Timothy Wilson tún rí ohun kan lọ́dún 2005 tó yẹ kí gbogbo alátìlẹyìn mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin rántí ìgbà kan tí ọkọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ìgbà kan ṣáá ni wọ́n béèrè, ìgbàkígbà tó wù wọ́n. Èyí tó burú jù lọ ni àwọn ènìyàn mú wá, bí ẹni pé òun ni wọ́n béèrè. Ọpọlọ kì í fún wa ní ohun tó wọ́pọ̀, èyí tó ta yọ ló ń kọ́kọ́ mú wá. Bí a bá wá sọ pé "bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn," ife 1976 ló ń jáde, a sì ń gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kan tí a wò lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí wọ́n gbá òmì 0 sí 0. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 0 sí 0 pọ̀ ní 1976 náà. Kò sẹ́ni tó fi òkúta rédíò sóòrùn nítorí rẹ̀.

Ṣé ìrántí nìkan ni?

Bí mo bá dúró síbí, mo ti rẹ́ àwọn bàbá jẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń ṣàlàyé bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ máa ń dúró síbí, wọ́n á ní ohun gbogbo tí àgbà ń ṣàárò kò ju àdììtú inú orí lọ. Mi ò gbà. Ìrántí lè mú kí àtijọ́ dùn ju bó ti rí lọ, síbẹ̀ kí àtijọ́ dára ju ìsinsìnyí lọ lóòótọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ni ká fi adùn sílẹ̀, ká bá ohun tó ṣeé kà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ọdẹ́gbàmí wọ Shooting Stars ní ọdún 1970, kò sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Èkó, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé àti Felix Owolabi. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn tó gba ife fún Nàìjíríà, owó ọkọ̀ sí Ìbàdàn ló nílò. Ọmọ òní tó bá fẹ́ rí Osimhen gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀ níláti lọ sílé ìwòran.

Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ló ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́: Bendel Insurance ní Benin, NEPA, Stationery Stores àti ACB ní Èkó. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ẹgbẹ́ náà, orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù bíi ti akọ̀wé àti awakọ̀. Lónìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ líìgì wa. Gómìnà tuntun á dé, alága ẹgbẹ́ á yí padà, kóòṣì á yí padà, owó á dúró de ìbuwọ́lù. Kò sí ọdún kan tí a kì í gbọ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan ń wọ́de nítorí owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Èyí kì í ṣe àdììtú ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n òdodo kan ṣì wà tí àárò kì í jẹ́ ká rí. Ìṣètò ayé ìgbà náà ní ìdin nínú. Orí ẹsẹ̀ kan ni ó dúró lé, ìyẹn ilé-iṣẹ́ kan tàbí olówó kan. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife FA lọ́dún 1984 àti 1986, ó sì gba líìgì lọ́dún 1986. Lẹ́yìn náà ló di àwátì, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ni ín yọwọ́. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife FA ní 1985 àti 1987, òun náà di ìtàn. Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Olóyè Israel Adébájọ dá sílẹ̀, jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1969, wọ́n tilẹ̀ gba líìgì lọ́dún 1992, kí awuyewuye nípa ẹni tó ni ẹgbẹ́ tó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ inú ìwé. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 sì ti fọ́ náírà, kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fi owó Nàìjíríà dá ọmọ tí Yúróòpù ń pè dúró. Àwọn tó ṣètò bọ́ọ̀lù dáadáa láyé ìgbà yẹn kò ṣètò ohun tí yóò gbé e ró lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀rí tó wù mí jù wá láti ìtòsí. Lọ́dún 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ aládàáni ni, wọ́n ní pápá ìṣeré tiwọn, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé. Lọ́dún kan náà, Kwara United gba ife Federation Cup ní Èkó lẹ́yìn pẹnáritì pẹ̀lú Abakaliki FC. Mo ti pàdé bàbá tó lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní 1976 lórí, tí kò sì gbọ́ pé ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ òun gba ife. Níbẹ̀ ni àárò ti ń di ìbòjú.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Lórí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò ní gba ẹ̀rí àwọn bàbá wa, nítorí pé ọmọ ọdún 17 inú wọn ló ń jẹ́rìí. Lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ẹgbẹ́, wọ́n jàre.

Àárò àti ìlera

Lọ́dún 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Basel, Johannes Hofer, kọ̀wé nípa àárò gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Ó rí i lára àwọn ọmọ Switzerland tó wà nílẹ̀ òkèèrè: wọn kò lè jẹun, wọn kò lè sùn, ibà ń ṣe wọ́n. Ìtọ́jú tó mọ̀ ni pé kí wọ́n dá wọn padà sílé. Ó ju igba ọdún lọ tí àwọn dókítà fi ń fojú àìsàn wo àárò.

Ojú yẹn ti yí padà pátápátá. Láti ọdún 2006, Tim Wildschut àti Constantine Sedikides ní Fásitì Southampton ti ń tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ìgbà tí ìbànújẹ́ tàbí ìdáwà bá dé ni àárò máa ń sábà gbéra, àti pé bí ènìyàn bá ti ṣàárò tán, ó máa ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣì ní ènìyàn. Xinyue Zhou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan náà ní Ṣáínà lọ́dún 2008: ìdáwà ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé a kò lẹ́nìkan, àárò sì ń dá díẹ̀ lára ohun tó sọnù padà. Ẹ wo ilé tí bàbá kan ń dá gbé ní Òmù-Àrán tàbí ní Àrándùn, tí àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní London, tí ìyàwó ti jáde láyé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Muda Lawal fún ìgbà ogún, ó ń pe àwọn tí wọ́n jọ jókòó yí rédíò ká nígbà yẹn padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Muda Lawal fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 1991. Yekini kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Ìrá ni wọ́n sin ín sí.

Nílé ìwòran ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí. Bàbá kan ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò tíì rí bọ́ọ̀lù." Ọmọkùnrin kan dáhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ ti sọ èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà dákẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí bọ́ọ̀lù fi parí. Ọmọ náà kò rí i fín, ó kàn sọ òótọ́ ni. Síbẹ̀, a ti gba oògùn lọ́wọ́ àgbà láìmọ̀.

Láti ọdún 1963 ni dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Butler, ti kọ̀wé pé kí a má ṣe ka bí àgbà ṣe ń yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò sí àrán. Iṣẹ́ tó yẹ kí ọkàn ṣe lọ́jọ́ alẹ́ ni. Ní Scotland, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Football Memories, tí ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn ìgbàgbé àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù wọn jọ ń ṣe. Wọ́n ń kó àwọn àgbà tí ìgbàgbé ń bá jà jọ, wọ́n ń fi àwòrán agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ hàn wọ́n. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ lówùúrọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn mọ́kànlá tó wọ pápá nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò wo ìgbàgbé sàn, oògùn kankan kò tíì wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ó ń dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu ẹni tó ti ń dákẹ́.

Kí n tún sọ ohun kan nípa ọkàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà ìdíje ife àgbáyé ọdún 2006 ní Jámánì, àwọn dókítà ka iye àwọn tí àìsàn ọkàn dédé dà gbé ní agbègbè Munich. Ní ọjọ́ tí Jámánì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, iye náà tó ìlọ́po 2.66 ti ọjọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù. Ẹ rí i dájú pé bàbá ti lo oògùn rẹ̀ kó tó jókòó sídìí eré. Bí àyà bá ń dùn ún, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, ẹ má dúró kí rẹfirí fun fèrè. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Ohun tó kù ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi rán ẹ̀yin tó ń kà mí nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ní Èsìẹ́, ère òkúta tó lé ní 1,000 ni àwọn ènìyàn wa pa mọ́, wọn kì í sì í ṣe àwọn tó gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ère náà ti dá lọ́rùn kí ìjọba tó kọ́ ilé fún wọn lọ́dún 1945, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrántí ṣe máa dá bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀: ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 ní 1976 ti lé ní 65 báyìí. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ lọ bá a. Ẹ má bi í léèrè ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, ọdún 17 ló máa dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé ta ló ni ẹgbẹ́ nígbà náà, mélòó ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ wo ló gbé yín lọ, ṣé wọ́n ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù déédéé, ta ló ń tọ́jú koríko pápá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fìdí rẹmi. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ní fọ́tò tàbí ìwé eré kan nínú àpótí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí ẹ gbọ́ lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso Kwara United, kí wọ́n mọ ohun tí àwọn alátìlẹyìn ń béèrè nígbà tí wọ́n bá ń ṣàárò. Ẹ ṣe é lọ́dún yìí.